Fílítà 12 àti 24: kí ni pole, kí ló sì gbé béèsì rẹ lọ?

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi synth (ẹ̀rọ tó ń fi iná ṣẹ̀dá ìró orin) dá ìró sílẹ̀ fúnra mi. Lórí sọ́fítíwíà tí mò ń lò, bọ́tìnnì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fílítà tí wọ́n kọ 12 àti 24 sí. Ọ̀rẹ́ mi kan ní 24 ni oní-pole mẹ́rin, pé òun ló dáa jù torí pé pole rẹ̀ pọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbé e sí 24, tí mo wá yí resonance sókè, ńṣe ni béèsì mi ń rù. Bí mo bá dá a padà sí 12, béèsì á dé, àmọ́ ìró náà á wá máa ta mí létí. Kí ni pole gan-an? Ṣé ohun tí 24 ń gé jẹ́ ìlọ́po méjì ti 12 ni? Ṣé mo lè to 12 méjì tẹ̀ léra kó di 24? Mo tún rí i kà pé fílítà synth béèsì TB-303 jẹ́ 18. Ibo ni ìyẹn wá bọ́ sí?"

Àbúrò mi, o kú ìbéèrè. Etí rẹ ò tàn ọ́ jẹ rárá: béèsì yẹn ń lọ lóòótọ́, 12 yẹn sì ń ta létí lóòótọ́. Ohun tí mi ò fara mọ́ ni ẹni tí o di ẹ̀bi náà rù. O rò pé iye pole ló fa gbogbo rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀ràn mẹ́ta ló wọnú ara wọn: bí ìró ṣe ń já sílẹ̀ tó lókè cutoff (ibi tí fílítà ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í dín ìró kù), bí resonance (ohun tó ń gbé ìró ga níbi cutoff) ṣe ń ṣiṣẹ́, àti bí ẹni tó ṣe fílítà náà ṣe to inú rẹ̀. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára bọ́tìnnì kò sọ ju ti àkọ́kọ́ lọ, kò tiẹ̀ sọ ìyẹn náà tán.

Fílítà tó wọ́pọ̀ jù nínú synth ni low-pass, èyí tó ń jẹ́ kí ìró ìsàlẹ̀ kọjá, tó sì ń dín tòkè kù. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ máa ń rò pé ògiri ni cutoff, pé bí o bá fi sí 440 Hz (Hz ni iye ìgbà tí ìgbì ń mì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan), ohunkóhun tó bá ti ju 440 lọ ti kú nìyẹn. Kì í ṣe ògiri, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni. Nọ́ńbà 12 tàbí 24 ń sọ bí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà ṣe le tó, ìyẹn iye dB (òṣùwọ̀n bí ìró ṣe ga tó) tí ìró ń pàdánù bí a bá ti gòkè ní octave kan, tí iye Hz di ìlọ́po méjì. Pole kan ń mú 6 dB wá fún octave kan. Méjì di 12, mẹ́ta di 18, mẹ́rin di 24. Ní ti pé ṣé ìlọ́po méjì ni 24 ń gé: lórí òṣùwọ̀n dB, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí a bá wo gíga ìgbì náà fúnra rẹ̀, 12 dB ń fi ìdá kan nínú mẹ́rin sílẹ̀, 24 dB sì ń fi ìdá kan péré nínú mẹ́rìndínlógún sílẹ̀. Ìyàtọ̀ yẹn kọjá ìlọ́po méjì.

Kí ló dé tó fi jẹ́ 6, tí kì í ṣe 5 tàbí 10? Inú ẹ̀rọ gidi la ti máa rí i. Nínú fílítà oníná tó rọrùn jù, pole kan jẹ́ resistor kan àti capacitor kan. Capacitor dà bí garawa tí omi ń gba ọ̀pá tóóró (ìyẹn resistor) wọ inú rẹ̀: ó gbọ́dọ̀ gba àkókò kó tó kún. Bí ìgbì tó ń wọlé bá lọ́ra, capacitor á ráyè kún, á tún ráyè ṣófo, ohun tó jáde á sì bá ohun tó wọlé dọ́gba. Bí ìgbì náà bá yára, capacitor ò ní tíì kún tán tí iná á ti yí padà. Wàyí, sọ ìyára ìgbì náà di ìlọ́po méjì: àkókò tí capacitor ní láti fi gba iná á di ìdajì, ohun tó rí gbà á di ìdajì, gíga ìró tó jáde náà á di ìdajì. Ìdajì ni 6 dB, ìlọ́po méjì sì ni octave. Ibẹ̀ ni 6 dB fún octave kan ti wá. Kì í ṣe àdéhùn tí àwọn kan jókòó ṣe. Bí o bá wá ti ohun tó jáde yẹn bọ inú resistor àti capacitor kejì, ìdajì náà á tún di ìdajì. Àwọn oníṣirò ní ọ̀nà tiwọn láti fi ṣàlàyé pole, pé ó jẹ́ ibi tí ìsàlẹ̀ ìdá kan ti di òdo, ṣùgbọ́n o ò nílò ìyẹn láti fi ṣe orin. Ohun tó yẹ kó wà lọ́kàn rẹ ni pé ìpele kọ̀ọ̀kan ń pín ohun tí ìpele tó ṣáájú rẹ̀ fi sílẹ̀ sí méjì, octave lórí octave. Sọ́fítíwíà kò ní capacitor, àmọ́ ìṣirò tó ń ṣe ń tẹ̀ lé ìwà kan náà.

Ohun kan wà tí wọn kì í sábà sọ fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́: 24 dB yẹn kì í pé lẹ́bàá cutoff. Jẹ́ ká fi nọ́ńbà wò ó. Mú nóòtì béèsì kan ní 110 Hz, fi sawtooth ṣe é (ìgbì onírí eyín ayùn, tó kún fún hámónìkì, ìyẹn àwọn ìró tó wà ní ìlọ́po 2, 3, 4 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ ti nóòtì náà), gbé cutoff sí 440 Hz, kí resonance wà ní òdo, ká sì ní pole mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bára wọn dọ́gba. Hámónìkì kẹrin wà ní 440 Hz gan-an, ó sì pàdánù 12 dB, nítorí pé pole kọ̀ọ̀kan ń mú 3 dB lọ níbi cutoff. Ìkẹjọ, ní 880 Hz, pàdánù 28. Ìkẹrìndínlógún, ní 1760, pàdánù 49. Ìkejìlélọ́gbọ̀n, ní 3520, pàdánù bíi 72. Yọ wọ́n kúrò lára ara wọn, wàá rí i pé octave àkọ́kọ́ lókè cutoff já ní 16 dB péré, èkejì ní 21, ẹ̀kẹta ní 23. Ó ń sún mọ́ 24 ni, kò tíì dé ibẹ̀. Sì wo ìsàlẹ̀ cutoff náà: hámónìkì kejì ní 220 Hz, tó yẹ kó wà lálàáfíà, ti pàdánù bíi 4 dB.

Gbé e sí 12 láìfọwọ́ kan nǹkan mìíràn, kí pole méjèèjì náà bára wọn dọ́gba: 2 dB ní 220, 6 ní 440, 14 ní 880, bíi 25 ní 1760. Gbogbo àwọn hámónìkì tó wà láàárín 880 àti 1760 ṣì ń dún ketekete nínú 12, bẹ́ẹ̀ 24 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ rì wọ́n. Àwọn gan-an ló ń ta ọ́ létí. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ pé títẹ bọ́tìnnì náà síwá-sẹ́yìn kì í ṣe ìdánwò òdodo. Bí o bá fẹ́ fi 12 wé 24, fa cutoff ti 12 sílẹ̀ títí tí òkè ìró náà á fi rọ̀ bíi ti 24, kí o mú ariwo wọn dọ́gba, kí o tó gbọ́ èyí tó wù ọ́. Nígbà tí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìyàtọ̀ tó kù máa ń kéré ju bí ènìyàn ṣe rò lọ, ó sì máa ń dùn ún gbọ́: 12 á ṣì ní ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ lókè pátápátá, 24 á sì ti pa òkè dé, ṣùgbọ́n àárín rẹ̀ á ki.

Mo ní "ká ní pole wọn bára dọ́gba" nítorí pé kì í ṣe gbogbo ìgbà ni wọ́n ń dọ́gba. Onímọ̀ ẹ̀rọ lè to pole mẹ́rin lọ́nà tí ìró á fi pàdánù 3 dB péré níbi cutoff, tí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ rẹ̀ á sì tètè le. Ó tún lè tò ó lọ́nà tí wọ́n á fi jìnnà síra, tí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà á máa le díẹ̀díẹ̀. Fílítà méjèèjì á jẹ́ 24 lórí ìwé, etí ò sì ní gbà pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Ọ̀ràn TB-303 tí Roland gbé jáde ní 1981 nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ló ń pè é ní 18, ó sì ti di ohun tí àwọn ènìyàn ń tún sọ fúnra wọn. Capacitor mẹ́rin ló wà nínú àkàbà diode rẹ̀ (àwọn ìpele fílítà tí wọ́n tò léra bí àkàbà), nítorí náà pole mẹ́rin ló ní. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn capacitor náà jẹ́ ìdajì àwọn tó kù, kò sì sí ohun tó ya ìpele kan nípa sí èkejì, tó fi jẹ́ pé wọ́n ń fa ara wọn. Àwọn pole náà wá fọ́n káàkiri. Lẹ́bàá cutoff, ó ń já sílẹ̀ pẹ̀lẹ́ ju bí oní-pole mẹ́rin tó dọ́gba ṣe ń já lọ, ẹni tó bá wọ̀n ọ́n níbẹ̀ á rí nọ́ńbà tó kéré sí 24. Bó bá lọ jìnnà sókè, 24 ló máa bá. Nítorí náà, má wá 18 kiri lórí sọ́fítíwíà rẹ pé o fẹ́ ìró 303. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ nìkan kọ́ ló dá a.

Ó kan béèsì tó rù. Gígé kọ́ ló jẹ ẹ́, resonance ni. Wo fílítà àkàbà tí Robert Moog ṣe, èyí tó gba pátẹ́ǹtì lé lórí ní Amẹ́ríkà ní 1969, tó sì wà nínú Minimoog ti 1970. Láti rí resonance nínú irú rẹ̀, wọ́n á mú díẹ̀ lára ìró tó jáde, wọ́n á dojú rẹ̀ dé, wọ́n á sì dá a padà sẹ́nu ọ̀nà àbáwọlé. Pole kọ̀ọ̀kan máa ń fa ìró sẹ́yìn díẹ̀. Níbi cutoff, ìfàsẹ́yìn pole kan jẹ́ dígírì 45, ti mẹ́rin sì jẹ́ 180, ìyẹn ìdajì àyípo ìgbì. Ìró tí a ti dojú rẹ̀ dé, tí fílítà tún wá fà sẹ́yìn ní ìdajì àyípo, á padà bá èyí tó ń wọlé mu, wọn á jọ ga sókè. Ìyẹn ni ṣóńṣó tí o ń gbọ́ níbi cutoff. Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún tí béèsì wà, fílítà kì í fa ìró sẹ́yìn, àfi díẹ̀ tí kò tó nǹkan. Èyí tó padà wálé ṣì dojú dé, ńṣe ló ń pa èyí tó bá nílé. Bí iye tí à ń dá padà bá jẹ́ ìlọ́po 1, béèsì á di ìdá kan nínú 2. Bó bá jẹ́ ìlọ́po 4, béèsì á di ìdá kan nínú 5. Ìlọ́po 4 yẹn gan-an ni fílítà náà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé fúnra rẹ̀, nítorí pé pole mẹ́rin ti sọ ìró di ìdá mẹ́rin níbi cutoff, ó sì tó ìlọ́po 4 láti gbé e padà sí bó ṣe wà. Ìdá kan nínú 5 jẹ́ àdánù 14 dB. Béèsì wo ló máa pàdánù 14 dB tí kò ní rù?

Ìwọ náà á wá bi mí pé, kí ló dé tí 12 kì í ṣe bẹ́ẹ̀? Pole méjì lásán ò lè fa ìró sẹ́yìn tó dígírì 180, bó ti wù kí a gòkè tó, nítorí náà irú ìdápadà yẹn ò lè mú un súfèé. Pole mẹ́ta lè ṣe é, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fa 60, ṣùgbọ́n ó tó ìlọ́po 8 kó tó dún. Àwọn tó ń ṣe fílítà oní-pole méjì wá gba ọ̀nà mìíràn. Nínú irú èyí tí wọ́n ń pè ní state variable, tó wà nínú synth SEM ti Oberheim ní 1974, wọ́n ń dín ohun tó ń mú ìgbì náà rọ kù, dípò kí wọ́n máa da ìró tó dojú dé lu àbáwọlé. Ṣóńṣó á ga níbi cutoff, ìsàlẹ̀ á sì dúró síbi tó wà. Ohun tó dá béèsì rẹ padà nìyẹn. Ẹnikẹ́ni lè ṣe fílítà oní-pole mẹ́rin tí béèsì rẹ̀ kì í lọ, àwọn kan sì ti ṣe é.

Kí lo lè wá ṣe sí i? O lè dín resonance kù, èyí tí mo máa ń kọ́kọ́ dán wò, nítorí pé béèsì tó ki kì í sábà nílò ju díẹ̀ lọ. O lè gbé ariwo sókè lẹ́yìn fílítà. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ṣóńṣó náà á bá a ga, ó sì lè gún ènìyàn létí. O lè fi oscillator (ibi tí synth ti ń dá ìgbì) kejì sí i ní sine (ìgbì tí kò ní hámónìkì lókè), ní ohùn kan náà, kó má gba inú fílítà kọjá rárá. Mo fẹ́ràn èyí fún béèsì tí resonance rẹ̀ ń rìn, àmọ́ máa tẹ́tí sí i dáadáa: fílítà ti fa ìró àkọ́kọ́ sẹ́yìn díẹ̀, bí cutoff bá sì sún mọ́ ìsàlẹ̀, àwọn méjèèjì lè máa pa ara wọn. Yí sine náà kọ̀yìn sódì wò, kí o mú èyí tó bá ki jù. Àwọn synth kan tún ní bọ́tìnnì tó ń dá béèsì padà fúnra rẹ̀, nípa fífi ìró àbáwọlé kún un bí resonance ṣe ń ga. Ó dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ìró tó wọ inú fílítà á lágbára sí i, bí fílítà náà bá sì jẹ́ irú èyí tó ń gbóná bí a bá tì í, àwọ̀ ìró náà á yí padà.

Ní ti títo 12 méjì tẹ̀ léra: bẹ́ẹ̀ ni, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wọn á di 24 ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n má retí ìró Minimoog níbẹ̀. Resonance ti ọ̀kọ̀ọ̀kan dá dúró. Bí o bá gbé méjèèjì ga ní 10 dB níbi kan náà, 20 dB lo máa rí, èyí tó mú gan-an ju bí o ṣe rò lọ. Fi resonance sórí ọ̀kan, kí o fi èkejì sí òdo. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń lo irú ètò yìí láti ṣe fílítà oní-pole mẹ́rin tó tẹ́ pẹrẹsẹ títí dé ẹ̀bá cutoff: Q (nọ́ńbà tí wọ́n fi ń wọn resonance) ọ̀kan á jẹ́ bíi 0.54, ti èkejì á jẹ́ bíi 1.31. Ohun tó wù mí jù ni kí o má jẹ́ kí cutoff méjèèjì bára mu. Gbé ọ̀kan sí 400, gbé èkejì sí 1600, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ rẹ á bẹ̀rẹ̀ ní 12, á wá le sí 24 lókè. Bọ́tìnnì oní-12-àti-24 ò lè fún ọ ní ìyẹn.

Ohun mìíràn tó ń ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà ni band-pass, fílítà tó ń jẹ́ kí àárín kọjá, tó sì ń dín òkè àti ìsàlẹ̀ kù. Wọ́n á ka "4-pole" lára rẹ̀, wọ́n á retí 24 ní apá méjèèjì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Apá òkè àti apá ìsàlẹ̀ ló jọ pín àwọn pole náà, nítorí náà oní-pole mẹ́rin jẹ́ 12 lápá ọ̀tún àti 12 lápá òsì, oní-pole méjì sì jẹ́ 6 àti 6. High-pass, tó ń dín ìsàlẹ̀ kù, ò ní wàhálà yìí, kíka tirẹ̀ dà bíi ti low-pass. Synth Korg MS-20 ti 1978 fi high-pass 6 dB ṣáájú low-pass 12 dB, nọ́ńbà méjèèjì sì kéré, síbẹ̀ kò sí ẹni tó gbọ́ ọ tí resonance rẹ̀ ń ké tó máa pè é ní fílítà aláìlágbára. Mo rántí rẹ̀ nígbàkígbà tí wọ́n bá sọ fún mi pé pole tó pọ̀ ló dára jù.

Nítorí náà, èwo ni kí o mú? Fún béèsì tó ní láti wà nísàlẹ̀ láìdí ohun èlò mìíràn lọ́wọ́, 24. Fún ìró tí envelope (ohun tó ń yí cutoff padà bí nóòtì ṣe ń lọ) ń ṣí tó ń pa dé, bíi ti fèrè idẹ, 24 náà, nítorí pé ìyàtọ̀ láàárín ìgbà tó ṣí àti ìgbà tó pa dé ń hàn kedere. Fún ìró tó fẹ̀, bí okùn fáólìn tó pọ̀, fún ohùn aṣáájú tó ní láti yọ láàárín orin, 12 ni mo máa ń mú, torí pé ó ń jẹ́ kí òkè mí. Synth Jupiter-8 ti 1981 fún olùlò ní méjèèjì lórí bọ́tìnnì kan, bíi tìrẹ, mo sì gbà pé ẹni tó ṣe é mọ̀ pé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n wà fún. Ohun tí nọ́ńbà kankan ò ní sọ fún ọ ni bí fílítà ṣe ń hùwà nígbà tí ìró bá le jù fún un. Transistor máa ń rọ orí ìgbì náà kó tó ya, púpọ̀ nínú ohun tí àwọn ènìyàn ń pè ní "ki" tàbí "gbóná" sì wà níbẹ̀. Etí nìkan ló lè bá ọ yan ìyẹn.

Kí o lè mọ irú èyí tó wà nínú sọ́fítíwíà tìrẹ, pa àwọn oscillator, fi ariwo funfun (white noise, tí gbogbo Hz inú rẹ̀ ga bára mu) dípò wọn, kí o sì fi spectrum analyzer (ohun tó ń fi gíga ìró hàn ní Hz kọ̀ọ̀kan) sẹ́yìn synth náà. Gbé cutoff sí 500 Hz, kí resonance wà ní òdo. Wo gíga ìró náà ní 2000 àti ní 4000: bí ìyàtọ̀ bá jẹ́ bíi 12 dB, pole méjì lo ń lò, bó bá jẹ́ bíi 23 tàbí 24, mẹ́rin ni. Wá rọra yí resonance sókè, kí ojú rẹ wà lápá òsì pátápátá, ní nǹkan bí 50 Hz. Bí ìlà náà bá ń wálẹ̀ bí ṣóńṣó ṣe ń ga, ìdápadà tó dojú dé ni, àwọn àtúnṣe tí mo kọ sókè yìí á sì ràn ọ́ lọ́wọ́. Bí ìlà náà bá dúró gbọn-in síbẹ̀ tí béèsì rẹ ṣì ń rù, fi fílítà sílẹ̀, kí o lọ wo limiter tàbí compressor (àwọn ohun tó ń fa ìró tó bá ga jù wálẹ̀) tó wà lẹ́yìn rẹ̀: ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ṣóńṣó resonance ló ń kọ lù ú, tó sì ń fa gbogbo ìró yòókù wálẹ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀.